Mo Ná Ọjọ́ Orí Àbúrò Mi ní Kóòtù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà rò pé ọ̀dọ̀ ẹni mímọ́ lẹ wá. Láyé mi, ẹnikẹ́ni kò tíì pe iye ọjà fún mi kí n san iye tó pè. Bí o bá pè é ní mẹ́wàá, mẹ́rin ni mo gbọ́. Bí o bá ní kò gbà, màá kẹ̀yìn sí ọ, màá máa lọ jẹ́jẹ́, ìwọ náà á sì pè mí padà. Ohun tí mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ná tí mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí àbúrò mi ni.

Ìyá kan náà ló bí wa. Ìyá wa kú nígbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, bàbá wa sì ti lọ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wa bá mi sọ kẹ́yìn kò gùn rárá. Ó ní, "Ìwọ ni mo mọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Péńpé la máa ń pè é, torí kò fẹ́ ga. Ọmọ náà ń jẹun o, ṣùgbọ́n bí ẹni ń da omi sínú ajere ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi orí kan àtẹ́rígbà, òun ṣì ń fò kó tó kan ìkọ́ ilẹ̀kùn.

Ìgò òfìfo àti agolo ni mò ń tà. Ẹ̀yìn ilé àwọn olówó la ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn kúùkù àti ọmọ ọ̀dọ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó tà á fún àwọn elépo àti àwọn oníkarosíìnì. Péńpé ló ń gbé àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọjọ́ orí rẹ̀, nínú lọ́rì, nítorí ọmọ kékeré kì í san owó ọkọ̀.

Agbowó ọkọ̀ á ní, "Ìyá Onígò, ẹni yìí ńkọ́?"

"Ẹni wo? Èyí? Ọmọ ọdún mẹ́fà rèé."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ló gbé àpótí ìgò yẹn sórí?"

"Agbára ìyá rẹ̀ ló jogún. Kí ni tìẹ níbẹ̀?"

Péńpé á sì ki àtàǹpàkò bọ ẹnu, á máa wo òde bí ẹni tí ọmú ń pa. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn èrò ọkọ̀ máa ń fún un ní súìtì. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ọdún mẹ́fà náà ni nínú lọ́rì. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Àǹtí, ìgbà wo ni màá dàgbà nínú ọkọ̀ yìí?"

Mo ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá di olówó." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní ọ̀kánkán ilé wa tó ń rọ idẹ. Aláròjinlẹ̀ èèyàn, tí kì í sọ̀rọ̀ tààrà. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìgò, ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní, "Ìgò kì í sọni dolówó."

Mo ní, "Kí ló ń sọni dolówó?"

"Àwọn ilé kan wà nínú ọgbà rélùwéè tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́. Ẹnu ẹ̀rọ omi wọn, idẹ gidi ni. Ó ń dọ̀tí síbẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ yọ ọ́ fún ọ ni?"

"Èmi? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yọ nǹkan. Mo kàn ní bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá, màá rà á. Mi ò sì ní bèèrè ibi tó ti rí i."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri fún odidi ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni gbé ẹyin sínú àpò. Bí mo bá ń fọ ìgò, idẹ ni mò ń rò. Nígbà tí ó yá, mo pe Péńpé, mo ní kó lọ yọ ọ́ wá.

Ó ní, "Àǹtí, ta ló ni ín?"

"Ẹni tó ni ín ti kó lọ."

"Ṣé kò ní padà wá ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé lọ́yà ni ọ́? Mo ní kí o lọ. Bí o bá sì rí i, má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ onígbàjámọ̀ àdúgbò wa. Gogoro ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí ó ga bí òpó. Oṣù kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, àwọn ìyá wọn jọ gbé oyún ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró pọ̀, ẹ ó rò pé bàbá àti ọmọ ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Wọ́n tún lọ. Alágbẹ̀dẹ rà á, kò sì bèèrè nǹkan, bó ṣe wí. Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí oyin ti kán sí lẹ́nu kì í rántí pé agbọ́n wà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọlọ́dẹ ọgbà dúró dè wọ́n lẹ́yìn ògiri. Gogoro sáré, ó ṣubú, wọ́n mú un. Péńpé ì bá sá lọ, ara rẹ̀ fúyẹ́, kò sí ihò tí kò lè gbà kọjá. Àpò idẹ ni kò jẹ́ kó lè sáré. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò ju àpò náà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má ṣe jẹ́ kó bọ́."

Ọlọ́pàá méjì mú un wá sílé, kí àwọn lè wo bóyá idẹ mìíràn wà. Mo wà nídìí àgbá omi, ọṣẹ kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá.

Ẹni tó dàgbà nínú wọn ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ rán an?"

"Èmi? Èmi tí mo ti wà nídìí ìgò níbí láti àárọ̀? Ọ̀gá, ẹ wò mí dáadáa."

Ó yíjú sí Péńpé. "Ta ló rán ọ?"

Péńpé wò mí. Mo gbọ́ tí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ dákẹ́ ní ọ̀kánkán, mo sì gbọ́ tí ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé wẹ́rẹ́. Mo tẹ orí ba, mo ń bá ìgò mi lọ.

Péńpé ní, "Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

Ọlọ́pàá fún un ní ìgbátí. Ó tún bi í. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò rán òun. Ìgbátí kejì ló mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí padà. Bí mo ṣe ń wò ó, mo fọ ìgò kan ṣoṣo yẹn títí ọṣẹ fi tán lára rẹ̀.

Ọjọ́ kóòtù pé. Ẹ má rò pé ibi ńlá kan ni o. Yàrá gígùn ni, bẹ́ǹṣì lára ògiri, fèrèsé ti há kò ṣeé ṣí. Òyìnbó ni adájọ́, nítorí ayé òyìnbó là ń wí yìí. Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù jókòó nísàlẹ̀. Wọ́n mú mi búra, mo búra. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ohunkóhun nípa idẹ. Mo ní mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ.

Onígbàjámọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ọmọ ilé-ìwé, ó ní, "Ó ti pé mẹ́rìndínlógún, Sà. Ó ti lé díẹ̀ pàápàá."

Mo pòṣé nínú. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ wo gọ̀ǹgọ̀ṣú yìí, wọ́n pe iye, ó sì san án gbáko. Ṣé kò mọ̀ pé ọmọdé là ń ṣàánú ni? Lójú mi, kò ṣòro rárá: bí ọmọ bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni ìyà rẹ̀ máa kéré sí. Ta ló máa rí ọmọ ọwọ́ tó máa fi í sẹ́wọ̀n?

Ògbufọ̀ kọjú sí mi. "Ìyá, tiyín ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́wàá."

Ó wo Péńpé látòkè délẹ̀. "Ìyá, ẹ tún un kà."

"Mo ti kà á. Mẹ́wàá ni."

"Èyí tí ohùn rẹ̀ ti ń dún bí agogo fífọ́? Mẹ́rìnlá ni màá pè é fún adájọ́."

"Ìwọ lo bí i ni? Ó dáa, mọ́kànlá."

"Mẹ́tàlá."

"Méjìlá. Mi ò fi nǹkan kan kún un mọ́. Bí o ò bá gbà á bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀."

Àwọn èèyàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ gbójú sókè, ó bèèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ nu ẹnu rẹ̀, ó ní méjìlá ni.

Péńpé na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, èmi àti Gogoro, ẹgbẹ́ ni wá..."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọmọdé ni, Sà. Kò mọ ohun tó ń sọ. Kò tíì mọ̀ ọ́n kà dáadáa."

Ó wò mí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ti mọ eré yẹn láti inú lọ́rì. Ó rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo wo onígbàjámọ̀ lókè ojú, mo sì ṣẹ́jú sí i, bí ẹni pé, wò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Adájọ́ dá ti Gogoro. Pàṣán mẹ́fà, kí ó sì máa bá bàbá rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìmí kan lọ. Nígbà tó kan Péńpé, ó ṣí ìwé òfin, ó kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ògbufọ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ògbufọ̀ ní, "Adájọ́ ní ọmọ kékeré tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá, tí ẹni tó ń tọ́ ọ kò mọ ibi tó ń lọ, kò yẹ kó padà sí ojú pópó. Ó ní àánú rẹ̀ ṣe òun. Ó ní kí wọ́n mú un lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Àtúnṣe, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, títí di ọjọ́ tó bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Láti méjìlá. Ọwọ́ ọ̀tún tán, mo bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Mo ní, "Ẹ dín in."

Ògbufọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ibí kì í ṣe ọjà."

Níta, mo dì mọ́ akọ̀wé kóòtù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń jẹ guguru nínú bébà. Mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi bí ọmọ tó kéré ṣe máa pẹ́, tí ẹni tó dàgbà ń lọ sílé.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fà á. Ilé yẹn, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ tó bá ti pé mẹ́rìndínlógún, wọn kì í gbà á síbẹ̀ rárá. Pàṣán ni, kó máa lọ. Èyí tí kò bá tíì pé é, bó ti wù kí ó kéré, ibẹ̀ ni wọ́n máa mú un sí títí á fi pé méjìdínlógún. Wọn ò pè é ní ẹ̀wọ̀n. Ilé-ìwé ni wọ́n pè é. Ilé-ìwé kì í sì í dín ọdún."

"Bí wọ́n bá wá rí i pé ó ti lé ní mẹ́rìndínlógún ńkọ́?"

Ó dá guguru dúró. "Ṣé ó ti lé ni?"

Mo ń wo bébà guguru ọwọ́ rẹ̀.

"Bí ẹ bá padà wọlé nísinsìnyí tí ẹ sọ òótọ́, adájọ́ á yí i padà, ọmọ á bá yín lọ sílé lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ ti búra, ìyá. Ẹni tó bá búra èké, ẹ̀wọ̀n ni, ẹ̀wọ̀n àgbà ni pẹ̀lú. Wọ́n á sì fẹ́ mọ ohun mìíràn tí ẹ búra lé lórí." Ó wò mí ṣinṣin. "Bí ọ̀rọ̀ idẹ yẹn."

Mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kóòtù. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rù nìkan ni. Ọjà ni mò ń ṣe. Mo gbé ara mi sí apá kan ìwọ̀n, mo gbé ọmọ yẹn sí apá kejì. Mo ní, wọ́n á fún un lóúnjẹ. Wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí mi ò lè ṣe fún un. Mo ní, bí mo bá wọ ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò máa lọ wò ó? Mo polówó ọ̀rọ̀ náà fún ara mi títí mo fi rà á. Mo sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀.

Onígbàjámọ̀ àti Gogoro bá mi lójú ọ̀nà. Gogoro ń rìn bí ẹni tí iná wà ní ṣòkòtò rẹ̀, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ní, "Ìyá Onígò, ẹ jẹ́ ká padà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Màá jẹ́rìí."

"Má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí mi."

"Ọdún mẹ́fà ni o."

"Mo ní kí o má dá sí i. Bí o bá padà síbẹ̀, màá sọ fún wọn pé ọmọ tìẹ ló kọ́ tèmi lólè. Ṣé o rò pé pàṣán ni wọ́n máa fún un lẹ́ẹ̀kejì?"

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n ná," ó sì kọjá lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò gé irun ẹnikẹ́ni tó bá ti inú ilé mi jáde mọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ Àtúnṣe ni wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Àwa ará ìta, Ẹ̀wọ̀n Ọmọdé là ń pè é. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wá. Wọ́n kun òkúta etí ọ̀nà ní ẹfun, ó funfun bí eyín. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n fá lórí, kakí kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, agogo ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa jẹun àti ìgbà tí wọ́n máa dìde. Tábìlì gígùn ló wà láàárín àwa àti wọn. Wọn kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn wọ́n.

Oṣù àkọ́kọ́, ó sunkún. Oṣù kejì, kò sunkún, ìyẹn ló dùn mí jù. Lóṣù kẹta, ó tẹ̀ síwájú sórí tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, àwọn ọmọ ibí ti ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ orí ni gbogbo rẹ̀. Mi ò tọ́ síbí. Ẹ kàn lọ sọ fún wọn ni."

"Mo ti lọ," ni mo wí.

Bí irọ́ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ rò ó.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n padà wá."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Láti ìgbà náà, oṣù dé, mo ní èsì tuntun. Adájọ́ ti lọ sí ìlú rẹ̀ fún ìsinmi. Adájọ́ tuntun dé, kò tíì mojú ilé. Wọ́n ń wá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀, agbẹ̀bí ti kó lọ. Mo ń ta irọ́ fún un ní ẹyọ ẹyọ, ó sì ń fi inú dídùn rà á. Bó bá ti parí kíkí mi, á sọ fún ọmọ tó jókòó tì í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi jà á. O ò mọ obìnrin yẹn. Kò sí ẹni tó lè ná an borí."

Bó ṣe wà níbẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àfi bí ẹni pé ara rẹ̀ ti ń dúró de ibi tí mi ò sí. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Irùngbọ̀n hù. Àwọn ọmọ yòókù sọ ọ́ ní Bàbá Méjìlá. Wọ́dà pàápàá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá Méjìlá, ẹ̀gbọ́n yín dé o, ẹ wá gba súìtì." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Péńpé kì í rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé àgbọ̀n rẹ̀ wú, ó ń dá egbò. Ó ń fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n náà tu.

Ọdún kẹta ti ń lọ sópin nígbà tí wọ́dà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ rí mi.

Ọ̀gá náà ti dàgbà, orí rẹ̀ ti funfun, ọmọ ilẹ̀ wa ni, kì í pariwo. Péńpé dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ gbà mí, akọ̀wé kóòtù ni mo rí. Ó bá àwọn aṣojú ìjọba wá bẹ ilé náà wò.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Mo pe ọmọ yìí torí àgbọ̀n rẹ̀. Mo ní kí ló ń fa irùngbọ̀n tu fún. Ó ní òun ti tó ọmọ ogún ọdún, pé ẹ ti lọ sí kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà nítorí rẹ̀, àwọn kóòtù ni wọn ò dá yín lóhùn. Inú bí mi. Mo wá ní kí akọ̀wé wá wí tẹnu rẹ̀."

Akọ̀wé kò wo ojú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò tíì fi ojú kan obìnrin yìí láti ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà. Kò wá lẹ́ẹ̀kan."

Mo gbọ́ ayùn tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé káfíńtà.

Péńpé kò yí orí rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ bi í dáadáa, Sà. Bóyá ẹlòmíràn ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní adájọ́ tuntun... Àǹtí, ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá."

Mo tẹ orí ba, mo ń tún etí aṣọ mi di.

Nígbà náà ló yíjú wò mí. Mo ti rí ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà rí, èmi gan-an ti rẹ́ èèyàn jẹ rí. Kì í ṣe ojú yẹn ni. Ojú ẹni tó ń ka nǹkan ni. Ó ń ka oṣù.

Ọ̀gá ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lẹ́nu yín. Ọjọ́ tí ẹ dúró ní kóòtù, ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà bá tiyín mu, màá kọ̀wé lónìí, kò ní lo ọ̀sẹ̀ yìí parí níbí."

Akọ̀wé ní, "Kí ẹ sì mọ̀, ọ̀gá, bí obìnrin yìí bá wí bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá yìí ni yóò mú un lọ."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó wà lórí ahọ́n mi. Àbúrò mi dúró síbẹ̀, egbò wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ìyá wa wà nínú ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ó ní ẹ̀yin ì bá sọ ọ́. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo sọ ni pé, "Ọ̀gá, bí mo bá sọ òótọ́, mélòó lẹ máa dín fún mi?"

Ọ̀gá ní, "Kò sí nǹkan tí mo lè dín."

"Kò lè jẹ́ pé kò sí. Ṣé obìnrin bí èmi, tí ọjọ́ orí ti ń dé sí... Ẹ bá akọ̀wé sọ ọ́. Kí wọ́n má bèèrè ọ̀rọ̀ idẹ. Kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan. Bó bá jẹ́ oṣù díẹ̀, màá lè..."

Péńpé ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Sà."

Ohùn ọkùnrin ni. Mi ò tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Méjìlá ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ló wí. Èmi ni mo parọ́."

Ọ̀gá ní, "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? O ṣì máa lo ọdún mẹ́ta sí i."

"Mo mọ̀ ọ́n kà, Sà."

Ó bèèrè bóyá òun lè padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, èérún igi wà lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi náà máa lọ. Ọlọ́pàá ṣí ọ̀nà fún mi. Mo jáde sínú oòrùn gẹ́gẹ́ bí olómìnira.

Ní gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e, mo lọ. Wọ́dà á lọ pè é, á padà wá, á ní, "Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́." Màá gbé búrẹ́dì mi padà sílé. Àwọn ará àdúgbò kan ní kí n má lọ mọ́. Mò ń lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin òbí tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mi ò kàwé débi tí màá fi wàásù fún yín. Mo kàn mọ ọjà. Mo sì mọ̀ báyìí pé nǹkan wà tí wọn kì í ná, ìyẹn òótọ́ tí ẹlòmíràn máa fi ara rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, ẹ san án gbáko, kó tó gbówó lórí.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ìrì tó gbẹ. Lórí ìwé wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjìdínlógún ni. Ọkùnrin tó jáde ti lé ní ọdún méjìlélógún, èjìká rẹ̀ fẹ̀, àpótí irinṣẹ́ káfíńtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́dà ní, "Bàbá Méjìlá, ó dàbọ̀ o." Ó juwọ́ sí i.

Ó rí mi. Ó dúró. Ó tẹríba fún mi bó ṣe yẹ kí ọmọ kí ẹ̀gbọ́n, kò dín in, kò fi kún un. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró, Àǹtí."

Mo ní, "Jẹ́ ká lọ sílé."

Lọ́rì ń bọ̀ lọ́nà, àbúrò mi na ọwọ́ sí i, ọkọ̀ dúró. Mo rọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, mo ti ń tú etí aṣọ mi níbi tí mo di owó sí. Ó gun ọkọ̀. Agbowó ọkọ̀ na ọwọ́ jáde, ó wò ó, ó wò mí nílẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ?"

"Rárá," ni àbúrò mi wí. "Ẹnì kan. Owó àgbàlagbà ni kí o gbà."

Agbowó pe iye. Ó san án. Kò ná an.